Bí A Ṣe Lè Fún Bíréèkì Oní-dúrọ́ọ̀mù Alùpùpù Gẹ̀ẹ́sì Àtijọ́ Lágbára Sí I

Alùpùpù Triumph Bonneville T120 tí wọ́n ṣe ní ọdún 1966 ní Meriden, nítòsí Coventry, lè sáré kọjá máìlì 100 ní wákàtí kan, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí wọ́n fi ń dá a dúró níwájú kò ju dúrọ́ọ̀mù irin kan lọ, tí ìbú rẹ̀ láti etí dé etí jẹ́ íǹṣì 8, pẹ̀lú ṣúù méjì, ìyẹn irin tó tẹ̀ bí ọrun, nínú rẹ̀ àti káàmù kan ṣoṣo tó ń yí láti tì wọ́n síta. Ẹni tí alùpùpù òde òní ti mọ́ lára, tó wá gun irú èyí fún ìgbà àkọ́kọ́, yóò fún ọwọ́ bíréèkì pọ̀, yóò tún un fún, yóò sì rí i pé ẹ̀yìn ọkọ̀ tó wà níwájú ṣì ń sún mọ́ òun. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń yọ ọ́ dànù, tí wọ́n ń fi bíréèkì díìsìkì rọ́pò rẹ̀. Èmi kò gbà pé ó yẹ kí á kánjú débẹ̀. Nínú èyí tó pọ̀ jù lára àwọn tí mo ti fọwọ́ ara mi tú, kì í ṣe pé bíréèkì náà kéré ni. Láínìnì inú rẹ̀, ìyẹn ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú ṣúù láti máa ra dúrọ́ọ̀mù lára, ni kò kan dúrọ́ọ̀mù dáadáa, agbára ọwọ́ ẹni tó ń fún un sì ti ṣòfò sínú kébù, wáyà tó wà nínú awọ tó so ọwọ́ bíréèkì mọ́ káàmù, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ káàmù. Ohun méjèèjì yìí ni a óò kọ́kọ́ tún ṣe, kí a tó sọ̀rọ̀ nípa ríra bíréèkì tó tóbi jù ú lọ.

Ó yẹ kí a mọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò kàn máa pààrọ̀ nǹkan kiri ni. Àwo bíréèkì kì í yí. Ó dúró gbọn-in mọ́ ara fọ́ọ̀kì, irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó di ẹsẹ̀ iwájú mú, òun ló gbé ṣúù méjèèjì. Ní ìpẹ̀kun kan, ṣúù méjèèjì fi ìdí ti ọ̀pá kékeré kan tí kò lè mì. Ní ìpẹ̀kun kejì, káàmù wà láàárín wọn. Bí kébù bá fa apá káàmù, káàmù á yí, á sì ya orí ṣúù méjèèjì sọ́tọ̀ títí wọn yóò fi kan dúrọ́ọ̀mù tó ń yí po wọn. Ṣúù tí dúrọ́ọ̀mù ń gbà lára rẹ̀ kọjá láti ìhà káàmù lọ sí ìhà ọ̀pá ìdí ni ṣúù aṣáájú. Bí èyí bá ti fara kan dúrọ́ọ̀mù báyìí, yíyí dúrọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ ni yóò máa wọ́ ọ mọ́ra, tí yóò fi le mọ́ ọn ju bí ọwọ́ wa ti tì í lọ. Ṣúù kejì, èyí tí a lè pè ní atẹ̀lẹ́yìn, kò rí irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ńṣe ni dúrọ́ọ̀mù ń tì í padà sẹ́yìn, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì lè tó ti ẹnì kejì rẹ̀. Nínú bíréèkì oníkáàmù kan, nígbà náà, ṣúù aṣáájú ni ó ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́, bí òun kò bá sì kan dúrọ́ọ̀mù láti orí dé ìdí, kò sí ohun tí ọwọ́ lè ṣe sí i.

Kí ẹ tó ṣí i, ẹ ronú nípa eruku inú rẹ̀. Láínìnì àwọn ọdún 1960 ní asbestos nínú, ohun tí eruku rẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, tí àìsàn náà sì lè fara pamọ́ fún ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún kí ó tó hàn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin de lílo rẹ̀ ní 1999, ṣùgbọ́n òfin yẹn kò wọ inú dúrọ́ọ̀mù tí ẹnikẹ́ni kò ṣí láti ogójì ọdún sẹ́yìn. Ẹ má ṣe fi afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ, ẹ má sì fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá a. Ẹ wọ ìbòmú tó lè dènà eruku kíkúnná, ẹ fi omi tí ẹ po ọṣẹ mọ́ rin gbogbo rẹ̀, ẹ fi àkísà nù ún nígbà tó ṣì tutù, kí ẹ sì di àkísà náà sínú ọ̀rá méjì kí ẹ tó gbé e lọ síbi tí ìjọba ìbílẹ̀ yín ń gba irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀.

Sípánà onímìlímítà kò wọ nọ́ọ̀tì àwọn alùpùpù wọ̀nyí. Ńṣe ni yóò jẹ etí nọ́ọ̀tì náà. Títí di ìparí àwọn ọdún 1960, sípánà Whitworth, tí í ṣe ìwọ̀n Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ni ọ̀pọ̀ jù nínú wọn ń fẹ́. Ẹ gbé alùpùpù sórí ìdúró àárín, ẹ fi jáàkì àti pákó gbé abẹ́ ẹ́ńjìnì títí ẹsẹ̀ iwájú yóò fi kúrò nílẹ̀, ẹ tú kébù, kí ẹ sì tú ìdérí tó di áàsù (ọ̀pá tó gba àárín ẹsẹ̀ kọjá) mú ní ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀kì lọ́tùn-ún àti lósì. Ẹ sàmì sí ìdérí kọ̀ọ̀kan kí ó lè padà sí ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì tirẹ̀ àti sí ojú tó kọ tẹ́lẹ̀, nítorí pé pọ̀ ni wọ́n gbẹ́ ihò wọn pẹ̀lú fọ́ọ̀kì náà.

Nígbà tí àwo bíréèkì bá jáde, tí ẹ sì ti nù ún tán, ẹ wo ojú láínìnì dáadáa lábẹ́ iná. Ibi tó ń kan dúrọ́ọ̀mù yóò máa dán, yóò sì dúdú díẹ̀. Ibi tí kò kàn án yóò rí rẹ́súrẹ́sú bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé e. Mo ra ṣúù tuntun kan rí lọ́wọ́ ẹni tó ń ta irú rẹ̀, mo fi rin ọ̀ọ́dúnrún máìlì, bíréèkì náà sì rọ bí ẹ̀kọ. Nígbà tí mo ṣí i, ohun tí mo rí ni ìlà dídán kan ní àárín ṣúù aṣáájú, tí kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ. Gbogbo ìyókù kò tíì fojú kan dúrọ́ọ̀mù láti ọjọ́ tí mo ti fi í sí i. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé yíyípo tí wọ́n gé láínìnì náà sí kéré sí ti dúrọ́ọ̀mù mi. Bó bá jẹ́ pé ó tóbi jù ni, orí àti ìdí ṣúù ni ìbá máa dán, tí àárín rẹ̀ yóò sì rẹ́súrẹ́sú. Bí ẹ bá rí ibi tó tutù lójú tó sì ń rùn bí òróró tàbí gíríìsì, ẹ má ṣe da ara yín láàmú láti fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́, torí pé láínìnì tó bá ti mu òróró kò ní gbẹ mọ́ láéláé. Ẹ wá ibi tí òróró náà ti ń jò, ìbáà jẹ́ láti inú fọ́ọ̀kì tàbí láti ìdí bíárìnì, kí ẹ dí i kí ẹ tó fi láínìnì tuntun sí i.

Lẹ́yìn èyí ló kan dúrọ́ọ̀mù. Ẹ dá àwo padà sínú rẹ̀, ẹ fún bíréèkì díẹ̀ títí ṣúù yóò fi máa rá a lára, kí ẹ wá fi ọwọ́ yí ẹsẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì tẹ́tí. Bí ìró rẹ̀ bá ń lọ fììì láìdáwọ́ dúró, dúrọ́ọ̀mù náà yípo dáadáa. Bí ó bá ń ṣe fìì, tó dákẹ́, tó tún ṣe fìì ní ojú kan náà, ó ti wọ́, kò rí róbótó mọ́. Irú èyí ni ó máa ń mú kí ọwọ́ bíréèkì máa tì yín lọ́wọ́ padà nígbà tí ẹ bá fẹ́ dúró. Ẹni tó ní ẹ̀rọ léètì ńlá, ẹ̀rọ tó ń yí nǹkan kí wọ́n lè gé e, lè gbẹ́ inú rẹ̀ kí ó yípo, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé sípóòkì wà lára rẹ̀ ní fífà gẹ́gẹ́ bí yóò ti wà lójú ọ̀nà nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ẹ, nítorí pé fífà sípóòkì gan-an ló máa ń wọ́ dúrọ́ọ̀mù, bí ẹ bá sì gbẹ́ ẹ kí wọ́n tó fi sípóòkì sí i, yóò tún wọ́ padà. Ìwọ̀nba tó máa mú un róbótó ni kí wọ́n gbẹ́ kúrò. Dúrọ́ọ̀mù tó bá ti fẹ́lẹ́ jù a máa tètè gbóná, a sì máa ya síta bí ṣúù bá ti ń tì í.

Wàyí o, láínìnì fúnra rẹ̀, tí í ṣe ọkàn iṣẹ́ yìí. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ṣì wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń lẹ láínìnì tuntun mọ́ ṣúù àtijọ́, tiwọn ni mo sì fẹ́ràn ju èyí tí wọ́n ti gé sílẹ̀ nínú páálí lọ. Ẹ sọ fún wọn pé ojú títì lásán ni ẹ ń gùn ún, kì í ṣe pápá ìdíje, nítorí pé láínìnì ìdíje ń fẹ́ kí ó gbóná dáadáa kí ó tó di nǹkan mú, ẹni tó bá sì fi í sára alùpùpù tó ń gbé e lọ sọ́jà yóò rí i pé bíréèkì àkọ́kọ́ lówùúrọ̀ kò ní ṣe nǹkankan. Èyí tó rọ̀ díẹ̀ ni kí ẹ gbà. Ẹ ní kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ dípò kí wọ́n kàn án ní ìṣó, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí pé a ṣì máa gé e.

Bí a ṣe ń gé e nìyí. Ẹ to ṣúù méjèèjì sórí àwo tiwọn pẹ̀lú sípíríǹgì wọn, kí ẹ fi irin pẹlẹbẹ tí kò nípọn ju ìdajì mìlímítà lọ sáàárín káàmù àti ẹnu ṣúù kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè là síta díẹ̀ bí ìgbà tí bíréèkì ń ṣiṣẹ́. Ẹ wọn inú dúrọ́ọ̀mù pẹ̀lú kálípà ní ojú mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ni oníléètì yóò gbé gbogbo àwo náà sórí ẹ̀rọ, tí yóò sì máa gé láínìnì ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ títí ìbú ṣúù méjèèjì láti etí dé etí yóò fi bá ti inú dúrọ́ọ̀mù mu rẹ́gí. Bí ẹ bá wá yọ irin pẹlẹbẹ méjèèjì kúrò, ṣúù á súnra kì, àlàfo á wà fún ẹsẹ̀ láti yí, ṣùgbọ́n nígbà tí káàmù bá tì wọ́n síta, ojú wọn yóò bá ojú dúrọ́ọ̀mù mu. Kí wọ́n fi ẹ̀rọ fa eruku rẹ̀ tàbí kí wọ́n fi omi rin ín bí wọ́n ti ń gé e, nítorí pé eruku láínìnì tuntun pẹ̀lú kò dára fún àyà, bí kò tilẹ̀ ní asbestos. Ní ìparí, ẹ fi fáìlì dá etí iwájú láínìnì kọ̀ọ̀kan sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní ìwọ̀n mìlímítà 6 sí 10, kí etí náà má baà máa já dúrọ́ọ̀mù gbà lójijì.

Ẹni tí kò rí oníléètì lè lo ṣọ́ọ̀kì. Yóò fi ṣọ́ọ̀kì kun inú dúrọ́ọ̀mù, yóò dá àwo padà, yóò fún bíréèkì, yóò yí ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, yóò tú u, yóò sì fi sáńpépà ha gbogbo ibi tí ṣọ́ọ̀kì bá mọ́ lára láínìnì. Ó lè gbà á ní ọ̀sán kan gbáko. Mo ti ṣe é bẹ́ẹ̀ rí, mo sì lè jẹ́rìí sí i pé nígbà tí funfun ṣọ́ọ̀kì bá bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀ lójú láínìnì, láti ìlà kan ní àárín títí dé etí méjèèjì, ẹni tó ń ṣe é yóò mọ̀ pé bíréèkì òun ti yàtọ̀ kí ó tó gun alùpùpù rárá.

Ẹ mi káàmù nínú ihò rẹ̀. Bí ó bá ń gbọ̀n, bùṣì rẹ̀, ìyẹn òrùka tó wà nínú ihò náà, ti jẹ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Gíríìsì tí kì í yọ́ nínú ooru ni kí ẹ fi sí i, kí ó má sì ju orí ìṣáná lọ.

Bí láínìnì bá ti dára tán, kébù ló kàn. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan fún ọwọ́ bíréèkì pọ̀ gidigidi, kí ẹ̀yin dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ máa wo awọ kébù láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí awọ náà bá ń nà, tó ń gbé ara sókè bí ejò tí wọ́n tẹ̀ nírù, agbára tó yẹ kí ó dé káàmù ló ń lọ síbẹ̀ yẹn. Ẹ ra kébù tí awọ rẹ̀ nípọn, tí inú rẹ̀ ní ọ̀rá tó ń jẹ́ kí wáyà yọ̀, kí ẹ sì tò ó kí ó má ṣe ká kọ́rọkọ̀rọ níbikíbi. Àwọn Triumph kan láti 1968 ní súwíìṣì iná bíréèkì láàárín kébù fúnra rẹ̀. Súwíìṣì yẹn ń mú ọwọ́ bíréèkì rọ̀, ó sì sàn kí ẹ gbé e lọ sí ìdí ọwọ́ bíréèkì.

Ọwọ́ bíréèkì pẹ̀lú ní ìwọ̀n tirẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà sí. Ẹ wọn àlàfo láti àárín ìṣó tí ọwọ́ náà fi ń yí dé àárín ibi tí orí wáyà jókòó sí. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ lára àwọn alùpùpù Gẹ̀ẹ́sì: èyí tí àlàfo náà jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 22, àti èyí tó jẹ́ nǹkan bíi 27. Èyí tó jẹ́ 22 yóò fa wáyà pẹ̀lú agbára tó fi ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ ju ti 27 lọ, láìjẹ́ pé ìka yín ṣe iṣẹ́ kankan kún un, ṣùgbọ́n wáyà tí yóò fà kò ní gùn tó tẹ́lẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe fi ọ̀rọ̀ láínìnì ṣáájú: bí ṣúù kò bá sún mọ́ dúrọ́ọ̀mù dáadáa, ọwọ́ oní-22 yóò kan ọ̀pá ìdarí kí bíréèkì tó di nǹkan mú. Ẹ tún wo apá káàmù. Ní àkókò tí láínìnì bá kan dúrọ́ọ̀mù, kí kébù àti apá káàmù pàdé ní igun 90, tàbí kí ó kù díẹ̀ kí ó pé bẹ́ẹ̀. Bí apá náà bá ti yí kọjá 90 kí ṣúù tó kàn, ẹ yọ ọ́, kí ẹ yí i padà ní eyín kan bí ó bá jẹ́ eléyín, tàbí kí ẹ fi irin pẹlẹbẹ bo ẹnu ṣúù kí káàmù má baà ní láti yí púpọ̀.

Fún ẹni tó bá tún fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, Triumph fúnra rẹ̀ ti dáhùn ní 1968, nígbà tó gbé bíréèkì oníṣúù aṣáájú méjì jáde, tí ìbú rẹ̀ ṣì jẹ́ íǹṣì 8. Káàmù méjì ló wà nínú èyí, ọ̀kan fún ṣúù kọ̀ọ̀kan, tí ọ̀pá ìsopọ̀ kan so apá wọn pọ̀ ní ìta, tí dúrọ́ọ̀mù sì ń wọ́ ṣúù méjèèjì mọ́ra. Ní 1969 wọ́n tún apá rẹ̀ ṣe kí kébù lè sọ̀ kalẹ̀ tààrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́ọ̀kì, èyí ni mo sì máa ń gba ènìyàn níyànjú láti wá, torí pé bíréèkì tó rọ́pò rẹ̀ ní 1971 kò dára tó o. Kí ẹ tó gbé e sára alùpùpù tó ṣáájú 1968, ẹ yẹ ibi tí àwo bíréèkì ti ń há mọ́ ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì wò, nítorí pé ó lè má bá ti tẹ́lẹ̀ mu. Èyí kì í ṣe ohun tí à ń fi wáyà dè tàbí tí à ń gbójú fò: bí àwo bá já kúrò níbẹ̀ lórí ìrìn, yóò bá ẹsẹ̀ yí, yóò ká kébù mọ́ra, ẹsẹ̀ iwájú yóò sì há lójijì. Bí fọ́ọ̀kì yín kò bá gbà á, ẹ wá ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì tó bá a wá.

Ọ̀pá ìsopọ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í tún tò dáadáa. Ẹ yọ ọ́ ní ìpẹ̀kun kan. Ẹ fún ọwọ́ bíréèkì títí ṣúù àkọ́kọ́ yóò fi kan dúrọ́ọ̀mù, kí ẹ dì í mú bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ tì apá káàmù kejì títí ṣúù tirẹ̀ náà yóò fi kàn án. Kí ẹ wá yí ọ̀pá náà gùn tàbí kúrú títí ìṣó rẹ̀ yóò fi wọ ihò láìjẹ́ pé ẹ tì í rárá. Bí ìṣó bá ń fẹ́ òòlù, ṣúù kan ni yóò máa dá ṣiṣẹ́. Ẹ sì rántí pé irú bíréèkì yìí kì í di alùpùpù mú dáadáa bí ó bá ń yí lọ sẹ́yìn, nítorí pé ṣúù méjèèjì ti di atẹ̀lẹ́yìn nígbà náà. Lórí òkè, bíréèkì ẹ̀yìn ni kí ẹ fi dúró. Ẹni tó ní Norton Commando tí kò tíì ní díìsìkì ní ìṣòro mìíràn: bíréèkì tirẹ̀ náà jẹ́ aṣáájú méjì, ṣùgbọ́n àwo rẹ̀ ń tẹ̀ bí ọwọ́ bá fún un gan-an, pátákó irin tí wọ́n ń tà láti so ìdí ṣúù méjèèjì pọ̀ ni oògùn rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń tò ó padà, ẹ má tíì fún nọ́ọ̀tì áàsù le. Ẹ kọ́kọ́ yí ẹsẹ̀, ẹ fún ọwọ́ bíréèkì gírígírí, ẹ fi okùn dè é mọ́ ọ̀pá ìdarí, kí ṣúù fúnra wọn lè wá àárín dúrọ́ọ̀mù. Bí ó ti wà ní dídè bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ fún nọ́ọ̀tì náà le, lẹ́yìn náà kí ẹ di ìdérí fọ́ọ̀kì. Ìṣẹ́jú kan ni èyí ń gbà, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì máa ń hàn sí ìka lójú ẹsẹ̀: ibi tí ọwọ́ bíréèkì ti ń rọ̀ tẹ́lẹ̀ yóò wá le bí ẹni tẹ òkúta.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 2018, alùpùpù tó bá ti lé ní ogójì ọdún tí wọn kò sì yí padà gidigidi kò ní láti máa lọ fún MOT, àyẹ̀wò bóyá ọkọ̀ yẹ lójú pópó, lọ́dọọdún mọ́, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí ó má sí ojú mìíràn tí yóò wo iṣẹ́ yín. Ẹ pe ẹlòmíràn tó mọ̀ nípa rẹ̀ kí ó yẹ gbogbo nọ́ọ̀tì wò, kí ẹ sì sọ fún ilé iṣẹ́ adójútòfò yín bí ẹ bá ti pààrọ̀ bíréèkì.

Ẹ wá ọ̀nà tó dákẹ́ fún ìrìn àkọ́kọ́. Láti eré máìlì 30 ní wákàtí kan, ẹ fún bíréèkì níwọ̀nba títí yóò fi dé 10, ẹ fi sílẹ̀, ẹ máa lọ kí ó tutù, kí ẹ tún ṣe é, bí ogún ìgbà. Ẹ má ṣe dúró pátápátá kí ẹ sì di ọwọ́ bíréèkì mú nígbà tó gbóná. Ìwé òfin ojú pópó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ka mítà 73 fún ọkọ̀ tó ń sáré máìlì 60 kí ó tó dúró, 18 nínú rẹ̀ fún ìrònú awakọ̀ àti 55 fún bíréèkì fúnra rẹ̀. Ẹ fi ààyè tó ju bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀ títí láínìnì yóò fi jókòó. Lẹ́yìn bí ọgọ́rùn-ún máìlì, ẹ tún ṣí i. Bí ojú dídán náà bá ti gba bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin láínìnì aṣáájú, ẹ kàn fa kébù ní díẹ̀, nítorí pé wáyà tuntun máa ń nà. Bí kò bá tíì tó bẹ́ẹ̀, ẹ fi sáńpépà ha ibi tó dán jù lọ, kí ẹ tò ó padà, kí ẹ sì tún rin ọgọ́rùn-ún mìíràn.